Gáùn Méje Tó Ní Àmì Ìlà-Ò-Yẹ̀

Ẹ wo ṣòkòtò olùkọ́ àgbà tó ń kọjá lọ yẹn. Ó rún bí ojú ọmọ tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún kan gbáko nìyí tó ti ń gbé e kiri ìgboro báyìí, nítorí ó ní òun kò lè gbé aṣọ òun fún ọkùnrin tó ń wọ gáùn mọ́. Bí mo bá ti rí i, inú mi a tún ru. Kì í ṣe nítorí ṣòkòtò. Nítorí ohun tí wọ́n fojú Ìlà-Ò-Yẹ̀ rí ni.

Alágbàfọ̀ ni Ìlà-Ò-Yẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ibi tí èmi ti ń tún bàtà ṣe. Ọ̀nà tóóró kan péré ló wà láàárín wa, bí ó bá sín, èmi ni n óò kí i. Inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Bí ó bá fi áyọ́ọ̀nù fa ìlà sí iwájú ṣòkòtò, ìlà ọ̀hún kò ní yẹ̀ títí aṣọ yóò fi gbó. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi pé oníbàárà kan tiẹ̀ ń fi ìlà ṣòkòtò rẹ̀ fá irùngbọ̀n. Wọ́n ní irọ́ ni. Ó dáa, bóyá ẹ̀ẹ̀kan péré ló fi fá a.

Yàrá méjì ló ní lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ti kú láti bí ọdún mẹ́fà; ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àpótí irin kan wà, inú àpótí yẹn ni gáùn méje wà. Òun ló ni gáùn, òun náà ló ń wọ̀ ọ́. Bí ó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, á fa aṣọ bo fèrèsé, á wọ ọ̀kan nínú wọn, á jókòó ti rédíò, á máa gbọ́ ìròyìn. Gbogbo ohun tó ń ṣe nìyẹn. Kò lọ síbì kankan, kò sì pe ẹnikẹ́ni wá wò ó.

Ìyàwó rẹ̀ ló rán méjèèje. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ra wọn, obìnrin yẹn wọlé bá a níwájú dígí, níbi tí ọkọ ti gbé gáùn oníbàárà kan mọ́ àyà. Ẹlòmíràn ì bá figbe ta. Tirẹ̀, ó fa téèpù yọ, ó wọn èjìká ọkọ rẹ̀, èjìká tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ìta, ó sì sọ fún un pé, “Aṣọ oníbàárà kò gbọdọ̀ kan ara rẹ láéláé. Bí ó bá wù ọ́, n óò rán tìrẹ.” Ó rán an lóòótọ́, ó sì fi òwú ya òdòdó kékeré kan sí etí apá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọkọ rẹ̀ pa òfin yẹn mọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Aṣọ àwọn olówó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ ìyàwó ọ̀ṣìngín kọjá, sílíìkì tó rọ̀ bí etí ológbò kọjá, kò fi ọ̀kan kan ara.

Alágbàfọ̀ ní bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló ń pọ̀ sínú omi kan náà, kí ti lágbájá má baà di ti tàmẹ̀dù, ó ń fi òwú gán àmì tín-ín-tín sínú ọrùn aṣọ kọ̀ọ̀kan. Pupa méjì ni ti olùkọ́ àgbà. Búlúù kan, funfun kan, ìyẹn ni ti ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì. Ìwé àmì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó rẹ̀ ló kọ ọ́, ó kọ ẹni tó ni àmì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí òwú àmì bá ti fẹ́ já, alágbàfọ̀ kò ní jẹ́ kí aṣọ náà jáde kó tó gán tuntun sí i. Ọwọ́ Ìlà-Ò-Yẹ̀ ti mọ iṣẹ́ yìí débi pé ó lè máa gán àmì kó máa bá mi jiyàn, kó sì borí mi nínú méjèèjì.

Àbúrò rẹ̀ ló kó ìyọnu bá a. Akọ̀wé ni àbúrò yìí ní ọ́fíìsì ìjọba. Aṣọ abẹ́ àwọn èèyàn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọwọ́ fọ̀ tó fi rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń kó kóòtù àti ṣẹ́ẹ̀tì wá, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bá a fọ̀ ọ́, kò sì dúpẹ́ rí. Ní ọjọ́ kan, ó ní òun ń wá ìwé ilẹ̀ bàbá wọn, ó fa àpótí irin jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí i. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ló ń wọ gáùn náà, ó ní kó jó gbogbo rẹ̀ níná kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bí kò bá jó o, òun yóò kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀, òun yóò sì kó ẹbí jọ. Ó ní wọ́n fẹ́ fi òun ṣe ọ̀gá ní ọ́fíìsì, òun kò sì fẹ́ ẹ̀gàn. Kọ́là tó gan bí páálí lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn, ta ló lọ̀ ọ́? Mo bi yín ni o.

Ọjọ́ kejì, Ìlà-Ò-Yẹ̀ sọdá wá bá mi.

“Ọ̀rẹ́, bá mi fi àpótí kan pamọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ.”

“Kí ló wà nínú ẹ̀?”

“Aṣọ.”

“Aṣọ ta ni?”

“Tèmi. Gáùn ni.”

Ó jókòó, ó sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo wúkọ́. Mo ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ń jò. Mo ní eku wà níbẹ̀, mo ka eku mẹ́rìnlá fún un, mo sì ń júwe ìrù wọn. Eku kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, arúgbó bíi tèmi ni, kò sì léyín. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé kí ẹnikẹ́ni má lọ bá gáùn lọ́dọ̀ mi. Ó wò mí, ó ní ó dáa, ó dìde. Nítorí náà, inú tó ń bí mi sí àbúrò rẹ̀ yìí, ó yẹ kí n bù nínú rẹ̀ fún ara mi.

Ìlà-Ò-Yẹ̀ kò lè jó gáùn náà. Ó dáná lẹ́yìnkùlé, ó mú gáùn aláwọ̀ sánmà dání, ó rí bí ìyàwó rẹ̀ ṣe rán ìṣẹ́tí rẹ̀, ó bá pa iná. Ó wá pinnu pé kí wọ́n kúkú bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò wọ̀ wọ́n. Ó fọ̀ wọ́n, ó fi wọ́n sínú sítáàṣì, ó lọ̀ wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má baà mọ iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó mú abẹ, ó tú òdòdó méjèèje kúrò létí apá wọn. Ó yẹ inú, ó yẹ ìta, ó ní kò sí ohun tó lè tọ́ka sí òun mọ́. Nígbà tó ń ká wọn, ó rí i pé òwú àmì inú ọrùn mẹ́ta nínú wọn ti ń já. Ọwọ́ alágbàfọ̀ kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú abẹ́rẹ́, ó gán tuntun sí i: òwú àwọ̀ ìyeyè kan, àwọ̀ ewé méjì, àwọ̀ ìyeyè kan. Àmì tirẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń sá fún orúkọ ara rẹ̀ ló tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó gbé gáùn náà sínú àpò, ó lọ gbé e síwájú àtẹ obìnrin tó ń ta aṣọ àlòkù ní ìkòríta, nígbà tí obìnrin náà lọ pọn omi. Lẹ́yìn náà ló fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹni ọgọ́ta ọdún ń sáré bí ẹni tó jí adìyẹ.

Inú obìnrin àlòkù dùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló fojú kan ìlà ara aṣọ. Àlòkù wo ló ń ní ìlà tó lè gé èèyàn lọ́wọ́? Ó yí ọrùn gáùn sóde, ó rí àmì. Ó mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló ń gán irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì bà á kí wọ́n má lọ sọ pé òun ń gba ẹrù olè. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó gbé àpò náà sórí, ó di ṣọ́ọ̀bù Ìlà-Ò-Yẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni gbogbo oníbàárà ń wá gba aṣọ. Ibẹ̀ kún. Olùkọ́ àgbà wà níbẹ̀, ọlọ́pàá àná wà níbẹ̀, àbúrò náà sì wà níwájú pátápátá, ó ń dúró de kóòtù.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀ o,” obìnrin náà ní. “Olè ti jà yín, ẹ ò mọ̀.”

Ó da gáùn méjèèje sórí tábìlì ìlọṣọ.

Ìlà-Ò-Yẹ̀ tẹjú mọ́ gáùn náà, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń bá a kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìrònú ọlọ́gbọ́n. Ó ní olè wo ló ń lọ aṣọ kó tó gbé e jù sílẹ̀? Ó ní ìlà bàbá yìí fúnra rẹ̀ ló wà lára aṣọ, àfi bí bàbá gan-an bá ń jí aṣọ oníbàárà kó lọ tà. Ariwo sọ. Olúkúlùkù ń ka aṣọ tirẹ̀. Obìnrin kan rántí búláòsì tó sọnù lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, èyí tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ilé àbúrò obìnrin náà ló gbàgbé ẹ̀ sí. Mo gbọ́ ọ láti òdìkejì. Mo dìde pẹ̀lú òòlu lọ́wọ́, mo sì fò kọjá ọ̀nà láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀.

Gbogbo ojú yí sí àbúrò Ìlà-Ò-Yẹ̀. Òun mọ ẹni tó ni gáùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kó sọ. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó sì ní ẹ̀gbọ́n òun ti ń dàgbà, bí ó bá ti mú aṣọ ẹnikẹ́ni, ẹbí yóò bẹ olúwarẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Ó yá a lára kí wọ́n pe ẹni tó tọ́ ọ dàgbà lólè ju kí wọ́n mọ̀ pé ó ń wọ gáùn.

Ìlà-Ò-Yẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lọ́wọ́. Kò pariwo.

“Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fọ aṣọ yín,” ó ní. “Mo mọ ẹni tó ń tọ̀ sí ṣòkòtò. Mo mọ ẹni tó ń gbàgbé lẹ́tà sápò, mo sì mọ ẹni tó kọ ọ́ sí i. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì mú bọ́tìnnì kan rí. Ẹ má pè mí lólè. Tèmi ni àwọn gáùn yìí. Èmi ni mò ń wọ̀ wọ́n.”

Àbúrò rẹ̀ sáré ní kí wọ́n má dá a lóhùn, ara rẹ̀ ò yá. Olùkọ́ àgbà ní irọ́ ló fi ń bo olè. Ọlọ́pàá àná ló ní kí wọ́n mú ìwé àmì wá. Ó wọ awò ojú, ó yí ọrùn gáùn kan sóde, ó fi ìka wá àmì rẹ̀ nínú ìwé, ó kà á sókè: “Ìyeyè kan, ewé méjì, ìyeyè kan. Ti ọkọ mi.” Ọwọ́ ìyàwó Ìlà-Ò-Yẹ̀ ló kọ ọ́, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Èédú ń ta nínú áyọ́ọ̀nù. Ọlọ́pàá gbé gáùn kan, ó na èjìká rẹ̀ lókèèrè sí ti Ìlà-Ò-Yẹ̀, ó rí i pé wọ́n bára mu.

“Nítorí náà, aṣọ ẹnikẹ́ni ò sọnù?”

“Rárá, sà.”

“Ṣòkòtò tèmi ńkọ́?”

“Ọ̀la, lọ́sàn-án.”

Olùkọ́ àgbà kó aṣọ rẹ̀ jáde, àwọn méjì tẹ̀ lé e. Àwọn tó kù dúró gba tiwọn, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò fojú sí. Obìnrin àlòkù ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa gáùn aláwọ̀ sánmà, ó ń kùn pé aṣọ tó dáa báyìí ni bàbá fẹ́ jù nù.

Àbúrò na ọwọ́ sí kóòtù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ mú un. Ó fi abẹ tú òwú àmì inú ọrùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wá gbé e fún un.

“O ti jáde nínú ìwé mi. Látòní, ilé rẹ ni kí o ti máa lọ̀ ọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, nítorí orúkọ ẹbí ni mo ṣe...”

“Orúkọ wo? O gbà kí wọ́n pè mí lólè.”

Àbúrò náà kọ lẹ́tà tó fi dẹ́rù ba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóòótọ́. Ọmọbìnrin Ìlà-Ò-Yẹ̀ fèsì ní ìlà méjì: ó ní màmá òun ti sọ fún òun láti ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó sì ní kí bàbá kékeré má kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí òun mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo padà lọ. Ojú ń tì mí. Mo ní kí ó gbé àpótí rẹ̀ wá, pé àwọn eku ti kó lọ.

“Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá?”

“Pátápátá.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní aṣọ kò tún ní wọ inú àpótí mọ́. Ó ń fi gáùn kọ́ sí ìparí okùn, lẹ́yìn aṣọ àwọn oníbàárà, èmi ń na ìkọ́ aṣọ sí i. Nígbà tó kan aláwọ̀ sánmà, ó dúró. Ó ń fi ìka wá ibi tí òdòdó ìyàwó rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ létí apá. Ihò abẹ́rẹ́ ṣì hàn níbẹ̀, kéékèèké, yípo. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi áyọ́ọ̀nù lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ihò yẹn kò gbọ́ ti áyọ́ọ̀nù.