Ẹjọ́ Tíṣà Mi Tí Mo Fi Sùn

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí fóònù mi ti ń dẹ́rù bà mí. Bí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ bá pè, àyà mi á já. Ní ọ́fíìsì ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, màá da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, màá tún ṣí i wò kí ìṣẹ́jú kan tó pé.

Ọ̀rọ̀ pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní Oǹdó ló fà á. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú pápá náà, ká lè máa fi èrè rẹ̀ tún òrùlé ilé-ìwé ṣe. Tíṣà tó kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin ní rárá. Bàbá ti fẹ̀yìntì tipẹ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò fẹ̀yìntì. Àràárọ̀ ló ń kọ ọ́ sí ojú-ìwé rẹ̀ lórí ayélujára pé níbo la fẹ́ kí àwọn ọmọ ti máa sáré, ṣé lórí páànù ṣọ́ọ̀bù ni? Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń yí sẹ́yìn rẹ̀. Inú bí mi gidi. Òjò ń rọ̀ lé àwọn ọmọ lórí nínú kíláàsì, ẹnì kan wá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Dípò kí n dá a lóhùn, mo sọ fún àwọn tó gba tèmi pé ká pawọ́ pọ̀ fẹjọ́ ojú-ìwé náà sun àwọn tó ni ìkànnì. Ẹ̀rọ ló ń gbẹ́jọ́ níbẹ̀. Tí ẹjọ́ bá ti pọ̀, kì í bi èèyàn léèrè kó tó tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọ́n to oríṣiríṣi ẹ̀sùn síbẹ̀ kéèyàn mú ọ̀kan. Èmi ni mo ní ká mú gbájúẹ̀, torí mo mọ̀ pé òun ló ń yá jù. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ojú-ìwé Bàbá ti pòórá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo jó díẹ̀ nínú kíṣìnnì.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá kan ilẹ̀kùn mi ní àdúgbò Ìsìkàn, l'Àkúrẹ́. Ó wọ ọkọ̀ láti Oǹdó, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo rò pé ó ti mọ̀ ni.

"Ọmọ mi, ìwọ lo mọ fóònù jù nínú àwọn tí mo kọ́," ó ní. "Wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ mi síta. Wọ́n ní gbájúẹ̀ ni mí."

Mo bu omi fún un, kò mu ún. Ó ní ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló ń dun òun.

"Fídíò ìyá àwọn ọmọ mi ni. Èyí tó ti ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́dún tó kú. Fóònù tí mo fi ká a ti sọnù, orí ojú-ìwé yẹn nìkan ló kù sí. Kí n tó jẹun àárọ̀ ni mo máa ń gbọ́ ọ. Ọjọ́ kẹfà rèé tí mi ò gbóhùn rẹ̀."

Mi ò mọ̀. Mo búra, mi ò mọ̀. Mi ò wo ojú-ìwé náà kọjá ibi tó ti ń bú ṣọ́ọ̀bù wa rí.

Mo sọ fún un pé àyè kan wà lórí ìkànnì náà tí èèyàn ti lè kọ̀wé bẹ̀bẹ̀. Bàbá jókòó dáadáa, ó kúrò nínú èdè Oǹdó bọ́ sí èdè ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àpèkọ fún mi bíi ti kíláàsì kẹrin. "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, kọ́mà. N kò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì rí, fúlúsítọ́ọ̀pù. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ mi ló ń bá mi kọ ọ́, kí wọ́n bi í, ó mọ̀ mí láti kékeré. Fi nọ́ńbà rẹ sí i."

"Sà, wọn kì í pe èèyàn bẹ́ẹ̀."

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n máa pè. Fi sí i."

Mo fi sí i. Ó ní kí n kà á sókè. Nígbà tí mo dé ibi "gbájúẹ̀", ohùn mi há. Bàbá rò pé ọ̀fìnkìn ni, ó ní kí n lọ mu omi gbígbóná.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo sìn ín dé gáréèjì, mo sì bẹ àwọn tá a jọ ṣe é pé kí wọ́n yọ ẹjọ́ wọn kúrò. Wọ́n ní kò ṣeé yọ mọ́.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú, tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Bàbá á pè mí.

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti bi ẹ́?"

"Wọn ò tíì bi mí, sà."