Ràkúnmí Tó Jáde Lọ Wá Ọmọ Rẹ̀

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde ni, lọ́wọ́ ọ̀sán. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ti ń yọ mí lẹ́nu pé gbogbo kíláàsì àwọn ló ti wo fíìmù ọmọdé kan, pé àwọn nìkan ló kù. Mo bá wọn fi í sórí tẹlifíṣọ̀n. Bàbá mi, tí a jọ ń gbé ní Àdìgbẹ, wà lórí àga wọn. Wọn kì í wo fíìmù. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, àwọn ló sì ń ka Bíbélì síwájú ìjọ wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ìranù ni wọ́n ń pe gbogbo ohun tó bá ti wà nínú tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn wọ́n lọ́jọ́ náà, wọn ò lè dìde kíákíá, ni wọ́n bá bá wa wò ó.

Àwọn ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn ló kún inú fíìmù náà. Àgbà ràkúnmí kan ló ń ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ru iyọ̀ la aṣálẹ̀ kọjá. Ọmọ rẹ̀ bínú sí i, ó bú u lójú gbogbo ẹgbẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ni àgbà ràkúnmí bá sọ ẹrù iyọ̀ kalẹ̀, ó wá ọmọ lọ sínú iyanrìn. Bó ṣe ń rìn ni iké ẹ̀yìn rẹ̀ ń joro, nítorí inú iké yẹn ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Àwọn ọmọ mi ń fi iké náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí yóò fi rí ọmọ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ọmọ náà ò kọ́kọ́ dá a mọ̀.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fa imú lẹ́yìn mi. Bàbá mi ń sunkún.

"Bàbá, ṣé orúnkún yẹn ni?"

Wọ́n mi orí. "Ohun tí Jésù ṣe gan-an nìyí. Ó fi gbogbo ohun tó ní wá wa, títí kò fi ku nǹkan kan lára rẹ̀." Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú. "Èmi ò lọ."

Mo mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Àwa méjì ni ìyá wa bí, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, àbúrò mi fẹ́ ọmọ Mùsùlùmí kan, ọmọ àwọn oníṣòwò aṣọ láàárín ìlú, wọ́n sì so yìgì. Bàbá mi ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilé àwọn mọ́ títí yóò fi ronú pìwà dà. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá," ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, a ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wa.

Bàbá mi ní, "Àìmọye ìgbà ni mo ti ka ìtàn ọmọ onínàákúnàá yẹn síwájú ìjọ. Mo máa ń sọ fún ara mi pé èmi ni bàbá inú rẹ̀, mo jókòó, mò ń retí kí ọmọ padà wá. Ìtàn àgùntàn tó sọnù wà ṣáájú rẹ̀ nínú orí kan náà. Olùṣọ́ àgùntàn yẹn ò jókòó sílé." Wọ́n wò mí. "Ṣé o mọ ilé rẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ewékorò ni."

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

Mo ní ara rẹ̀ le.

Irọ́ ni mo pa. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, táyà bẹ́ mọ́ àbúrò mi lọ́wọ́ níbi tó ti ń wa tírélà sìmẹ́ńtì, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún. Mo lọ wò ó lọ́sibítù. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àǹtí, ẹ má sọ fún wọn o. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ mi wàásù." Mo gbà fún un. Mo sọ fún ara mi pé mo ń pa àṣírí mọ́ ni. Ká sọ tòótọ́, ẹ̀rù Bàbá ló ń bà mí.

Ní Sátidé, a wọkọ̀ ní Láfẹ́nwá. Bàbá mi wọ agbádá tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń wá bí n ó ṣe sọ ọ́, mi ò rí i sọ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyàwó àbúrò mi ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Ọmọbìnrin wọn kékeré sá sẹ́yìn rẹ̀, ó ń béèrè pé, "Mọ́mì, ta ni bàbá yìí?" Àbúrò mi jáde láti inú yàrá lórí ọ̀pá méjì tó kì bọ abíyá. Wọ́n ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan sókè, wọ́n fi pín-ìn-nì dè é.

Bàbá mi wo ẹsẹ̀ náà. Wọ́n yíjú wò mí. Wọn ò bá mi wí, mo sì ń fẹ́ kí wọ́n bá mi wí.

Àbúrò mi ń gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀, ọ̀pá kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi sáré dì í mú.

"Má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Jọ̀ọ́, má dọ̀bálẹ̀."

"Bàbá, ẹ pẹ́ o."

"Mo pẹ́, ọmọ mi. Mo pẹ́ gan-an."

Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, gbólóhùn kan péré ni wọ́n sọ: "Mo jókòó, mò ń retí kó rìn wá bá mi. Ẹsẹ̀ wo ni mo fẹ́ kó fi rìn?"

Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí wọn ò lọ, orúnkún ìbáà dùn wọ́n. Bí àkókò ìrun bá tó, wọn a gbé àga wọn jáde síta, wọn a jókòó jẹ́ẹ́ títí àwọn onílé yóò fi kírun tán. Ìgbà gbogbo ni wọ́n ń bẹ àbúrò mi pé kó wá sí Àdìgbẹ. Ó máa ń sọ pé, "Mo ti dárí jì yín, Bàbá. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè wọ ilé yẹn." Wọn kì í bá a jiyàn. Wọn a tún lọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Kí òjò ọdún náà tó dá, Bàbá mi ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n sì kú. Ọjọ́ ìsìnkú ni àbúrò mi tó wọ ilé wa. Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti lọ, ó pè mí jókòó.

"Àǹtí, ká ní ẹ sọ fún wọn nígbà tó ṣẹlẹ̀, ṣé wọn ì bá wá?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní ẹ̀rù ló bà mí.

Ó ní, "Ẹ̀rù ba èmi náà. Ẹ̀rù bà mí pé wọn ò ní wá."