Oògùn Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ẹrù Ìyàwó

Kékeré ni àbúrò mi obìnrin wà tí wárápá ti ń gbé e ṣubú. Nílé wa ní Adakplamè, a kì í dárúkọ ẹ̀. "Àìsàn yẹn" là ń pè é. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì fún un ní hóró oògùn kan tí yóò máa lò ní ìrọ̀lẹ́, odindi ọdún mẹ́ta ni kò sì ṣubú mọ́. Ó ń lọ sóko, ó ń yan gaàrí, ó sì rí ọkọ ní Kpankou.

A ò sọ fún àwọn àna wa. Èmi gan-an ni mo ní ká má sọ, torí mo gbọ́n lójú ara mi.

Lọ́dọ̀ wa, àwọn ìyàwó ilé ọkọ ló máa ń tú ẹrù ìyàwó tuntun. Wọn á tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, aṣọ, abọ́, títí dé ọṣẹ, kí tọmọdé tàgbà wá wò ó. Mo mọ̀ pé wọ́n máa rí oògùn náà, wọ́n á sì béèrè ohun tó wà fún.

Mo sọ fún àbúrò mi pé, "Kó o fún mi. Bí mo bá wá kí ọ lọ́jọ́ kẹjọ, màá mú un wá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì ní n ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan o."

"Ṣé nọ́ọ̀sì ló ń lọ sílé ọkọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kó o lé mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin tó délé ọkọ, ọlọ́kadà kan wá pè wá. Ìdí agbada gaàrí ni àbúrò mi ṣubú sí, apá rẹ̀ sì wọ inú iná. Ìtọ́ tó ń hó lẹ́nu rẹ̀ ni àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ń bẹ̀rù pé ó ń ranni. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án títí ọkọ rẹ̀ fi ti oko dé.

Nílé ìwòsàn, gìrì náà ń lọ, ó ń bọ̀, títí ilẹ̀ fi ṣú. Nọ́ọ̀sì wa ò bínú sí mi. Ì bá tiẹ̀ bínú. Ó ní ohun kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní GABA, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní ásíìdì àmínò. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé kó rọra. Òmíràn wà tó ń ti ọpọlọ síṣẹ́. Bí agbára GABA ò bá tó, gbogbo ọpọlọ á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló ń di gìrì. Oògùn tí mo gbà lọ́wọ́ àbúrò mi ló ń ti GABA náà lẹ́yìn.

"Ọdún mẹ́ta ni ọpọlọ rẹ̀ ti fara ti oògùn yìí," ló wí. "Ẹ wá yọ ọ́ lójijì."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè jẹun. Èmi tí mo ń bú àwọn tí ò fọwọ́ kàn án, èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é níkà.

Kò kú. Àwọn àna kó òun àti ẹrù rẹ̀ padà wá sílé wa, wọn ò sì bá wa jà. Gìrì ọjọ́ náà ti pa ọ̀pọ̀ nǹkan rẹ́ ní iyè rẹ̀. Èmi ni mo ń fún un lóògùn báyìí, mi ò sì fo ọjọ́ kankan, bí ẹni pé ìyẹn tún lè mú un padà.

Lánàá, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ìgbà wo la máa ṣe ìgbéyàwó òun. Mo ní ó kù díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ní kí n bá òun ṣa aṣọ, kí n sì bá òun di ẹrù.