Patanmọ́ Tí Mo Gbé Lọ Sílé Ọkọ

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi lónìí pé ewéko kan lè da ìgbéyàwó rú, n kò ní bá a jiyàn. Ó ṣojú mi. Irun mi ti funfun báyìí, síbẹ̀ àyà mi ṣì máa ń já tí mo bá rántí ọjọ́ náà.

Ní ilé wa nítòsí Tchaourou, ọmọbìnrin tí wọ́n bá ti tọrọ gbọ́dọ̀ gbin patanmọ́ tirẹ̀ sínú ìdí ìkòkò fífọ́. Patanmọ́ ni ewé ẹlẹ́gùn-ún tó ń fà nílẹ̀ lójú ọ̀nà oko, tí í pa ewé rẹ̀ dé bí nǹkan bá fara kàn án. Ìyá bàbá mi ló kọ́ mi. A máa ń ha hóró rẹ̀ lára òkúta torí pé èèpo rẹ̀ le, a ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná mọ́jú, kí a tó gbìn ín. Mẹ́ta ni mo gbìn, adìyẹ jẹ méjì. Bí èyí tó kù ṣe ń ta ẹ̀ka ni mo ń gé e lórí. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, mo máa ń hú u, mo ń gé gbòǹgbò rẹ̀ kù, mo sì ń dá a padà sínú ìkòkò. Mo fi okùn so ìdí rẹ̀ kó lè tẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, ó ti rí bí igi ńlá tó ti gbó, bẹ́ẹ̀ ni kò ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan.

Tí ìyàwó bá gbé patanmọ́ rẹ̀ dé ilé ọkọ, ìyá ọkọ yóò bù lára omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò wọ́n ọn sí ewé náà. Bí ewé bá pa dé, inú gbogbo wọn á dùn pé ọmọ tó mọ ìtìjú ló tọ́ ọ dàgbà. Wọ́n á wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó, á sì wọlé. Bí kò bá pa dé ńkọ́? N kò bi ìyá àgbà léèrè, torí pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó kú ní ọdún tó ṣáájú ìgbéyàwó mi.

Èmi tí mo rò pé mo gbọ́n, ẹ wo ohun tí mo ṣe. Ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀dọ̀ wa kì í ṣeré. Kí patanmọ́ mi má bàa gbẹ, mo gbé e sí ẹ̀bá òkúta tí bàbá mi ń jókòó sí ṣe àlùwàlá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni omi ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sórí ewé náà. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ìgbà ló ń pa dé. Nígbà tó yá, ó jáwọ́. Omi á máa kán, ewé á ṣí sílẹ̀ gbagada. Inú mi dùn, mo ní ó ti lágbára. N kò mọ̀ pé òun àti omi ti di ọ̀rẹ́.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, èmi àti àbúrò bàbá mi obìnrin pẹ̀lú àwọn tó ru ẹrù kúrò nílé lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Alaasari ti kọjá nígbà tí a dé Alafiarou, ìlú ọkọ mi. Oòrùn ṣì wà, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí bí ilẹ̀ bá ti ṣú, gbogbo patanmọ́ ló ń pa ara rẹ̀ dé, kò sì sẹ́ni tó máa gba ìyẹn ní ẹ̀rí. Ìbòrí fẹ́lẹ́ bò mí lójú, mo ń ríran nínú rẹ̀. N kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí ọjọ́ méje, àbúrò bàbá mi ni ẹnu mi.

Ìyá ọkọ mi, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ kéré, tọwọ́ bọ igbá omi, ó wọ́n ọn sí ewé. Ewé kò mira. Ó tún wọ́n ọn. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan dà lé e. Kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí.

Àbúrò bàbá mi ní, "Ó rẹ ewé náà ni, ìyá. Ọ̀nà jìn."

"Èyí tó bá rẹ̀ kì í ṣí sílẹ̀ báyìí," ìyá ọkọ mi dáhùn. Ó gbé igbá sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó síta ná. A ó ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀."

Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Wọ́n fẹ́ dá mi padà sílé, bẹ́ẹ̀ ni n kò ṣe ohunkóhun.

Ibẹ̀ ni ohùn kan ti jáde lábẹ́ ìbòrí. "Omi àlùwàlá bàbá mi ló ti mọ́ ọn lára. Ẹ fi ọwọ́ kàn án, ẹ má fi omi."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ni mo sọ̀rọ̀. Àbúrò bàbá mi fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, bí ẹni pé tirẹ̀ ló là. Mo gbọ́ tó ń kùn pé, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè…" Kò parí rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ kan ẹ̀ka tó wà lókè. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹ̀ka náà fi dorí kodò.

"Ewé mọ ìtìjú," ó ní. "Ìyàwó ni kò mọ̀ ọ́n."

Ó gbé igbá omi, ó wẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, ó fara balẹ̀ wẹ àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan. Ló bá dúró. Ó gbé igbá náà lé mi lọ́wọ́.

"O ti fi ẹnu ara rẹ gba ara rẹ sílẹ̀," ó ní. "Fi ọwọ́ ara rẹ wẹ èyí tó kù."

N kò gbọ́ ọ rí pé ìyàwó kan wẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú gbogbo wọn, mo sì wẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n gbà wọlé lọ́jọ́ náà. Èkejì, èmi fúnra mi ni mo gbé e wọlé.