Ọ̀sán Tí A Gé Kòkó Ìyá Àgbà

Lánàá, ẹnìkan ń fi ẹ̀rọ gé igi lẹ́yìn ilé wa ní Ìlódè. Bí òórùn igi tútù àti bẹntiróòlù ṣe wọlé tọ̀ mí wá, mo tún di ọmọ ọdún méje lóko kòkó wa.

Ìjọba ti ṣèlérí ọmọ kòkó tuntun fún àgbẹ̀ tó bá kọ́kọ́ gé ògbólógbòó igi rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan dúró tì wá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Igi kan ṣoṣo ló kù, ìyá tó bí bàbá mi sì jókòó sí ìdí rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí èyí bá dúró, mi ò lè kọ orúkọ yín o."

Òógùn bo bàbá mi. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Èmi àti bàbá rẹ la gbìn ín. Bí wọn ò bá kó tuntun wá ńkọ́?"

"Ìjọba ló sọ ọ́, Ìyá."

Agégi tí bàbá mi pè wá fa okùn ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ náà bú ramúramù. Mo rò pé Ìyá àgbà ni wọ́n fẹ́ gé, mo bá figbe ta. Igbe mi yẹn ló mú un dìde.

Igi wó. Òṣìṣẹ́ kọ orúkọ, ó lọ. Nígbà tí ọmọ kòkó náà máa fi dé, bàbá mi ti fi oko sílẹ̀, ọ̀kadà ló ń gùn.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tí igi wó yẹn, Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa èso kòkó tútù sínú ìró rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá àgbà, wọn ò tíì pọ́n."

"Mo mọ̀," ló wí, ó sì ń ṣà á lọ.