Gèlè Tó Sùn Síta ní Al Nahda

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlè ni owú tí mo ń jẹ yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí àpótí ni mo ti ń wo ìta ní bálíkónì wa ní Al Nahda. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Sharjah yóò rántí àsìkò náà: iṣẹ́ ti dáwọ́ dúró ní Dubai, ilé gíga wà láìparí, ìdílé méjì sì ń pín ilé kan. Àwa àti ìdílé Kúdí, ọ̀rẹ́ mi, la jọ ń gbé.

Anti Móírà, olùkọ́ kan láti Ireland, ló ń gbé ní ọ̀kánkán wa. Ó ní láyé àtijọ́, òrìṣà obìnrin kan máa ń la ìlú wọn kọjá lálẹ́ ọjọ́ yẹn láti lé òtútù lọ. Wọ́n á sá aṣọ síta mọ́jú kó lè súre sí i. Anti yan búrẹ́dì tí òórùn bọ́tà rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya káàdì: àbẹ́là kan, àti òdòdó funfun tó ń yọrí nínú yìnyín. Orúkọ Kúdí ló kọ sí i.

Tèmi kò sí, nítorí ìyá mi ti kìlọ̀ fún Anti pé kó má fún mi ní nǹkan kan. Ó sọ fún èmi náà pé, “Tólú, a ò bọ èyí tó wà nílé, ṣé ti òyìnbó la ó wá máa bọ?”

Ìyá Kúdí, tí kì í pa ìrun kankan jẹ, ní tirẹ̀ wí pé, “Búrẹ́dì àti bébà lọmọ gbà. Èwo ni ẹbọ níbẹ̀?”

Ta ló jàre? Mi ò tíì lè sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Kúdí ń jẹ búrẹ́dì níṣojú mi, ó ń sọ pé, “Má fọwọ́ kan káàdì mi o, ọmọ ìjọ!”

Nírọ̀lẹ́ yẹn kan náà, ìyá mi fọ gèlè rẹ̀ aláwọ̀ aró, ó sá a sí bálíkónì, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìrì ti rin ín gbingbin. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Anti Móírà ni, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rí gèlè tó sùn síta.

“Ẹ ṣeun, Ìyá Tólú,” ló wí, Yorùbá tí Kúdí kọ́ ọ.

Ìyá mi gba káàdì náà, ó fi Lárúbáwá dúpẹ́: “Háà… shukran.”

Ìyá Kúdí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Ìyá ìjọ ti bọ ọ́! Khalas, ó parí!”

Èmi ń wo ọwọ́ kejì Anti, mo ń wá tèmi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Kí ọdún náà tó parí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Anti, ó sì padà sílé. Lónìí, orí fóònù ni káàdì ń gbà wọlé, kì í rùn bọ́tà, ẹnìkan ṣoṣo sì lè fi í ránṣẹ́ sí igba èèyàn. Kúdí ní Anti ṣì ń fọwọ́ ya tirẹ̀. Mi ò rí i, n kò lè jẹ́rìí sí i. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé mo ṣí Bíbélì ìyá mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Káàdì tí ìyá mi sọ nígbà náà pé òun máa jù nù wà níbẹ̀, àbẹ́là rẹ̀ ti ṣá. “Sí Ìyá Tólú,” ni wọ́n kọ sí i. Orúkọ mi wà lára rẹ̀. Káàdì náà kì í ṣe tèmi.