Ààwẹ̀ Tí Ìyá Mi Bá Mi Gbà

Èmi tí mo máa ń mu ìgò omi kan tán kí n tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, nọ́ọ̀sì ló wá ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mu omi. Ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ni, kí sísanra mi lè dínkù. Wọ́n ti gé àpò oúnjẹ inú mi kù bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Obìnrin dúdú ará Amẹ́ríkà níbí ni nọ́ọ̀sì náà, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, kò sì gba gbẹ̀rẹ́. Ó bu omi sínú ife kékeré tí wọ́n fi ń wọn oògùn ikọ́ fún ọmọdé, ó ní kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mu ún. Mo rẹ́rìn-ín, mo dà á sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan. Mo jẹ̀yà rẹ̀. Omi yẹn dúró sí mi láyà bí òkèlè iyán gbígbóná, omijé sì bọ́ lójú mi. Nọ́ọ̀sì náà dúró títí omi náà fi lọ sílẹ̀, ó tún bu òmíràn. Ó ní, "Fi ètè kàn án. Gbé e sílẹ̀. Dúró." Mo fi ètè kàn án, mo gbé e sílẹ̀, mo kà dé ọgọ́ta kí n tó tún kàn án. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí di ọ̀sán.

Ìyá mi wà nílé mi ní Stockbridge, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta, ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sì mọ̀ pé abẹ kàn mí. Ó ti Ìbàdàn wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àbúrò rẹ̀ obìnrin wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kò sì jáde láàyè. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá dárúkọ iṣẹ́ abẹ níwájú rẹ̀, á ní kó tutọ́ dànù. Bẹ́ẹ̀ àtọ̀gbẹ ti mú mi, orúnkún mi ò gbé mi mọ́ ní ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Forest Park, dókítà sì ti sọ ọ́ sọ ọ́ pé kí n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó ti sú u. Mo bẹ̀rù láti sọ fún ìyá mi. Kí n má purọ́, ẹ̀rù nìkan kọ́, mi ò fẹ́ wàhálà ni. Ọkọ mi tó ń wa tírélà nìkan ló mọ̀. Mo sọ fún ìyá mi pé àwọn obìnrin ìjọ wa ń lọ sí ìpàgọ́ àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọkọ mi gbé mi délé, ó sì gba ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kejì. Ìyá mi ti gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà kalẹ̀ dè mí, pẹ̀lú ife omi tútù gbọ̀ngbọ̀nràn kan. Mo jókòó, mo yọ ife oògùn mi nínú báàgì. Ó wò mí, ó wo ife.

"Kí lèyí?"

Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó ronú. "Ààwẹ̀ ni, Mà. Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Omi díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ní ká máa mu."

Nílé tiwa, tí èèyàn bá ti ní ààwẹ̀ lòun wà, ọ̀rọ̀ parí. Ẹnikẹ́ni ò ní fi oúnjẹ lọ̀ ọ́, wọn ò sì ní bi í pé kí ló dé tó rù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló jẹ́ kí n fi ààwẹ̀ bojú. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ìyá mi kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ nìkan gbààwẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣe ìdánwò àṣejáde, ó bá mi gbà á. Nígbà tí mo ń wá físà, ó bá mi gbà á, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi jìn.

Ó gbé oúnjẹ náà padà sórí sítóòfù. Ó ní, "Kí la ń tọrọ?"

Mo ní àárín èmi àti Ọlọ́run ni.

"Ó dáa. Òun ṣáà mọ̀ ọ́n. Èmi á máa ṣàmín." Ó wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ààwẹ̀ tí ẹ ń mumi sí. Èmi ò ní kan omi títí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo ní, "Mà, oògùn yín ńkọ́?" Ó ní oògùn ò ba ààwẹ̀ jẹ́, òun á fi itọ́ gbé e mì. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ń mú un tọ̀ ṣáá. Oṣù keje sì ni, tí ooru Atlanta kì í jẹ́ kéèyàn lè fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ ìta. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì dákẹ́.

Ọjọ́ mẹ́jọ la fi jọ jókòó ní pálọ̀, èmi pẹ̀lú ife ọmọdé mi, òun pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀. Omi tútù ń fún mi láyà, èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ló gbà mí. Tí mo bá ti fi ètè kàn án, màá máa kà lábẹ́lẹ̀. Ó rò pé àdúrà ni, á ní, "Àmín." Inú mi ń dùn pé mo ti ń mọ omi í mu. Mo ń fàmì sí ìwé kan lára fìríìjì fún ife kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi yangàn fún ọkọ mi lórí fóònù. Ètè ìyá mi ti gbẹ, ó ti ń bó. Mo rí i, mo ní ooru ni.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, mo gbọ́ tí nǹkan ṣubú ní kíṣìnì. Ìyá mi ló wà nílẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá mi mọ̀. Orúkọ àbúrò rẹ̀ tó kú yẹn ló ń pè mí. Ní ọsibítù, dókítà bi mí pé ọjọ́ mélòó ni kò ti mumi dáadáa. Mo sọ fún un. Ó ní àìmumi ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, gbogbo omi tó bá mu ló ń bì. Nọ́ọ̀sì gbé ife wá, irú ife kan náà. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ kàn fi ètè kàn án, Mà. Ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ dúró." Mo ń kà sí i létí. Omi náà dúró sínú rẹ̀.

Ó wò mí pẹ̀lú ìyanu. "Ta ló kọ́ ọ?"

Ojú abẹ ṣì ń ta mí lábẹ́ aṣọ. Mo ní, "Níbi ààwẹ̀ ni, Mà."

Ó ní, "Ààwẹ̀ yín dáa."

Orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ló wà nígbà tó padà sí Ìbàdàn lóṣù kẹsàn-án. Tí a bá ń rí ara wa lójú fóònù, á gbé ife kékeré rẹ̀ sókè kí n rí i pé bí mo ṣe kọ́ ọ ló ń mu ún. Èmi á gbé fóònù sún mọ́ ojú kí ó má baà rí bí ọrùn mi ṣe tín-ín-rín.

"Ṣé Ó ti dáhùn?"

"Ó ti dáhùn, Mà."

"Kí la tọrọ gan-an?"

"Tí mo bá délé ní Kérésì, màá sọ ọ́ fún yín lójúkojú."

Kò dúró de Kérésì. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi ò ju oṣù mẹ́rin lọ, òótọ́ ò sì bá a.

Nígbà tí mo délé fún ìsìnkú, àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ yí mi ká, wọ́n fún mi lómi mu, nítorí ọ̀nà jíjìn ni mo ti bọ̀. Èyí àgbà inú wọn di ọwọ́ mi mú. Ó ní ìyá mi jẹ́rìí níwájú ìjọ kó tó dùbúlẹ̀: pé òun bá ọmọ òun gbààwẹ̀ ní Amẹ́ríkà, pé Ọlọ́run ti dáhùn, pé òun ò tíì mọ ohun tó ṣe ṣùgbọ́n òun dúpẹ́. Gbogbo ìjọ bá a yọ̀.

"Ọmọ wa, kí ni Ọlọ́run ṣe fún ọ? Sọ ọ́ ká bá ọ dúpẹ́."

Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo gbé ife omi sẹ́nu kí n má baà dáhùn, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró sí mi láyà. Mo tẹ̀ síwájú, mi ò lè mí, omijé ń dà lójú mi. Wọ́n ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, wọ́n ní kí n rọra, wọ́n ní kí n má sunkún mọ́, pé níbi tí ìyá mi lọ, òùngbẹ kì í gbẹ èèyàn.